Òfin Ẹnu Géètì

Òórùn dòdò ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ará Èkó ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ o. Dòdò Ìkirè ni mò ń wí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n títí tí èèpo rẹ̀ fi dúdú, tí wọ́n gún mọ́ ata, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí gbogbo agbo ilé fi ń sín. Màámi ń dín in fún ìyá tó bí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àpòmù.

Àìsàn ti gbé Ìyá Àpòmù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin, ní ìlú kan tí rélùwéè ń gbà kọjá. N kò ní í dárúkọ ìlú náà. Ibẹ̀ ni mo padà wá fẹ́yàwó sí. Ìyá Àpòmù ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí Àjọkẹ́ àwọn kí ọjọ́ tó lọ. Àjọkẹ́ ni Màámi. Tíkẹ́ẹ̀tì wa sì rèé, láti Ìbàdàn dé Kàdúná, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Màámi ní bí rélùwéè bá ti dúró, a ó yà kí wọn, a ó sì padà wọkọ̀.

Ẹ má bú wọn. Àwa ará Ìkirè, mọ́tò la mọ̀. Bí o bá ní kí dẹ́rẹ́bà dúró dè ọ́ ní Wásinmi kí o kí ẹ̀gbọ́n rẹ, yóò bú ọ, ṣùgbọ́n yóò dúró.

Nígbà tí a débẹ̀, ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́. Wọ́n ní ká máa retí òmíràn. "Olúwa ló dá a dúró fún mi," ni Màámi wí. Wọ́n gbé dòdò, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di ẹnu géètì ibùdókọ̀. Ọkùnrin oníkakí kan na ọwọ́ dí wa lọ́nà.

"Màmá, ẹni tó bá ti jáde níbí, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kú nìyẹn. Òfin ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ara ìyá mi ni ò yá."

"Òfin ò mọ ìyá ẹnì kan."

Ẹ̀gbọ́n Màámi ti dúró lẹ́yìn irin, wọ́n ń pè wá. "Àjọkẹ́, jáde! Òrùlé wa nìyẹn lókè yẹn. Èwo ló ń kú gan-an, tíkẹ́ẹ̀tì ni àbí ìyá ẹ?"

Mo la ẹnu láti bi oníkakí bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Màámi já mi léèékánná létí. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í bi àgbà nídìí ọ̀rọ̀." Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn ní Àpòmù nìyẹn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ò sì sí. Wọ́n na dòdò gba àárín irin, wọ́n jókòó lórí ẹrù, wọ́n kọjú sí òrùlé yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì tuntun tó dé. Ìròyìn ikú Ìyá Àpòmù bá wa ní Kàdúná kí a tó tú ẹrù tán.

Mo ti di àgùnbánirọ̀ kí n tó tún wọ rélùwéè. Alájì kan nínú kọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ yà síbi ìkómọ lójú ọ̀nà. Akọ̀wé ibùdókọ̀ buwọ́ lu ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kó padà wá fi í wọkọ̀ lọ́la. Mo bi akọ̀wé náà pé ṣé ó ṣeé ṣe ni.

"Bí ọ̀nà bá ti jìn, ó ṣeé ṣe. Ká ṣáà ti béèrè ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí Alájì fi bi mí bóyá ara mi yá.

Lónìí, ẹnu mi kì í sinmi ìbéèrè. Bí mo bá wọ báńkì, àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa tì mí síra wọn. Àwọn ọmọ mi á ní, "Dádì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Ọmọ tí wọ́n já léèékánná yẹn ti pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì pátápátá.

Ṣùgbọ́n Màámi ti darúgbó. Bí a bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìkirè, tí ọ̀rọ̀ ìyá wọn bá sọ sí wọn lọ́kàn, wọ́n á mi orí. "Òfin ni, ọmọ mi. Kí ni mo lè ṣe sí i?"

Èmi tí mò ń bi gbogbo ayé nídìí ọ̀rọ̀, màá wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Òfin ni."