Òróró Tó Kù Nínú Ìgò

Ìwé náà ní òǹtẹ̀, ìdí nìyẹn tí màmá mi fi gbà á gbọ́. Tíṣà ni wọ́n, Èkìtì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í fojú kékeré wo òǹtẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà níbẹ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ ti wọ inú egungun wọn. Dókítà kọ ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ fún wọn, pé kí ilé ìtajà tí ìjọba fọwọ́ sí máa ta òróró igbó fún wọn. Igbó tí gbogbo wa mọ̀ ni o, èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń fà ní kọ̀rọ̀ ní Bọ́ládé. Àbúrò mi kò tàn wọ́n jẹ. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ìjọba mọ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n rí òǹtẹ̀ ni wọ́n tó la ẹnu, ó sì kán an sí wọn lábẹ́ ahọ́n.

Mo gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn jẹ ìrẹsì, àwọn sì sùn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò tíì gbọ́ kí ìyá rẹ̀ máa bẹ Ọlọ́run pé kó wá mú òun. Èmi sunkún ayọ̀ nínú ọ́fíìsì wa ní Òṣòdì, gbogbo ènìyàn ń wò mí.

Ṣùgbọ́n onígbà díẹ̀ ni ìwé náà, onígbà díẹ̀ náà sì ni físà wọn. Nígbà tí àwọn méjèèjì parí, màmá mi padà wá bá mi ní Àjàó Estate. Nínú báàgì ọwọ́ wọn ni ìgò òróró ólífì kékeré kan wà, irú èyí tí ìjọ wa máa ń gbàdúrà sí. Kí wọ́n tó wọ bàálù ni wọ́n ti yọ́ da òróró igbó tó kù sínú rẹ̀, àbúrò mi kò mọ̀. Màmá mi, ìyá ìjọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ akọrin kun ètè, gbé igbó gba iwájú àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú kọjá, wọ́n tún kí wọn kú iṣẹ́. Inú bí mi nígbà tí wọ́n sọ fún mi.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì yín mọ́lé ni?"

"Mo ní ìwé."

"Ìwé tó ti expire?"

"Ṣebí wọ́n lè renew ẹ̀ níbí."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bí ìwé ìwakọ̀ ni wọ́n ṣe ka ìwé náà sí, pé ẹni tó bá mọ ọ́fíìsì tó yẹ yóò rí i sọ di tuntun. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún dókítà wọn ní ọsibítù ní Ìsọlọ̀. Mo mọ̀ pé asán ni, mo sì lọ. Dókítà náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí àìsùn ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

"Àǹtí, ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han ẹlòmíì."

Mo béèrè mọ́fíìn, oògùn tí ń pa ìrora, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti tán, àwọn ti kọ̀wé béèrè, wọn ò tíì gbé e dé. "I'm sorry, ma," ó wí, mo sì rí i pé ó dùn ún.

Ìgò yẹn nìkan ló wá kù. Lójoojúmọ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kán díẹ̀ sí wọn lábẹ́ ahọ́n. Kí ó tó ṣiṣẹ́, èdè Èkìtì ni wọ́n á fi máa kérora. Tó bá yá, wọ́n á béèrè ohun tí mo sè, wọ́n á ní ata mi ti pọ̀ jù. Adìẹ bà lókùn nílé wa: bí a bá lò ó, ó ń tán lọ, bí a kò bá lò ó, màmá mi ń jẹ̀rora. Àbúrò mi ń bẹ dókítà ti ọ̀hún, wọ́n sì ń dá a lóhùn pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó pásítọ̀ kó àwọn obìnrin aládùúrà wá. Mo jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ Mummy ni gbogbo wa ń pè é. Mo wọ kíṣìnnì láti gbé omi fún wọn. Kí n tó dé, ó ti gbé ìgò náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì màmá mi, ó sì ti dà á sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wo ìgbàgbọ́ Màmá," ó wí. "Wọ́n ti pèsè òróró sílẹ̀ dè wá."

Ní ìjọ wa, a kì í dá òróró aláìsàn sí. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ èyí. Bí a bá ti ṣí i, orí aláìsàn la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó dé ẹsẹ̀, a ó kan gbogbo ará ilé, ìyókù á sì lọ sí àtẹ́rígbà, kí àìsàn má lè padà wọlé. Mo la ẹnu. Màmá mi wò mí, irú ìwò tí wọ́n fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́.

"Òróró yìí ń rùn bí ewé o," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ọmọ mi ló rà á lókè òkun," ni màmá mi dáhùn.

Wọ́n yin Olúwa. Wọ́n fi kan orúnkún màmá mi, wọ́n fi kan iwájú orí èmi náà, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú oorun ìyá mi lórí mi. Wọ́n gbọn ìyókù sí àtẹ́rígbà. Ohùn màmá mi ló ròkè jù nínú àmín.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bú jáde. Mo bi màmá mi pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ì bá tilẹ̀ pè é ní oògùn lásán.

"Wọ́n á bi mí pé oògùn kí ni," wọ́n wí. "Bí mo bá sì sọ ọ́, ta ni ó sin mí?"

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ti ìrora. Mo gun àga, mo fi òwú nu àtẹ́rígbà, ṣùgbọ́n eruku àti ọ̀dà ni mo rí nù.

Ìjọ sin wọ́n dáadáa. Gbogbo akọrin ló wá. Ìyàwó pásítọ̀ dìde, ó jẹ́rìí pé láti ọjọ́ tí òun ti ta òróró sí Màmá lórí, kò sí ìgbà tí àwọn wá tí àwọn gbọ́ ìkérora wọn mọ́, pé oorun àlàáfíà ni àwọn máa ń bá wọn nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, wọn ò gbọ́ ọ. Pálọ̀ ni mo máa ń gbà wọ́n sí, tí màá ní Màmá ń sùn, a ó sì jọ dúpẹ́ oorun náà. Nínú yàrá, màmá mi á ti fi eyín di aṣọ ìnura mú kí igbe má bàa jáde. Èmi ni mo máa ń fi í sí wọn lẹ́nu.