Fọ́tò Alààyè Lórí Ìkéde Òkú

Adélékan ló ń ṣe ìkéde òkú ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ọ̀gá Casimir ní Gbégamey. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ kóòdù tó ń to fọ́tò, orúkọ àti ọjọ́ ìsìnkú síbi tó yẹ. Òkú kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, "foto.jpg" sì ni fọ́tò inú gbogbo wọn ń jẹ́. Kóòdù náà kò sọ ju "mú foto.jpg" lọ, kò sọ inú fódà wo. Kò dá wàhálà sílẹ̀ rí, nítorí inú fódà òkú gan-an ni Adélékan ti máa ń tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà orúkọ Màmá Clotilde, arúgbó Àgùdà kan ní Fidjrossè, gun ara wọn lórí ìkéde. Adélékan ṣí ẹ̀dítọ̀, ètò tó fi ń kọ kóòdù, ó ní kó máa ṣe iṣẹ́ náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí òun lè rí àṣìṣe. Ẹ̀dítọ̀ kò wọ fódà òkú. Inú fódà ńlá tí Adélékan kọ́kọ́ ṣí ló dúró sí, ibẹ̀ ló ti wá "foto.jpg", ó sì rí ọ̀kan: fọ́tò Rasidat, ìyá Adélékan, tó fi dán kóòdù wò níbẹ̀rẹ̀, tí kò yọ kúrò.

Orúkọ tò dáadáa. Orúkọ nìkan ni Adélékan ń wò. Ó fi ìkéde ránṣẹ́ sí Gaël, ọmọ olóògbé, ó sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ti ṣọ́ọ̀bù.

Gaël pè é. "Ta ni obìnrin yìí? Ìyá mi kọ́."

Adélékan wo fọ́tò náà, ó rí i pé ìyá òun ni. Ó pa ìkéde rẹ́, ó kọ ọ̀nà fáìlì náà ní kíkún, títí kan orúkọ fódà òkú, sínú kóòdù. Kò tíì tún un tẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà zémídján já ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Adélékan, ìgbà wo lẹ fẹ́ sin mí?"

Àwọn oníbàárà yíjú sí i. Ọ̀gá Casimir dìde. "Màmá, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

"Kọ̀ǹpútà wo ló mọ̀ mí rí? Mi ò tíì dé ìsọ̀ l'Ákpakpa tí Islamiyat àbúrò mi fi rí i lórí WhatsApp, tó pè mí, ó ń sunkún. Mo ní èmi rè é, ó ní kí n yéé fi òkú ṣeré. Ẹ tún gbé àgbélébùú lé mi lórí. Èmi Àlàájà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń wo Adélékan, kó gbe òun lẹ́sẹ̀. Adélékan mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rùn kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yóò kú sí.

"Èmi ni, Màámi. Mi ò wo ojú tó wà níbẹ̀."

"Ẹni tó kú gan-an ńkọ́? O ti bẹ àwọn ọmọ rẹ̀?"

"Mo fẹ́ pè wọ́n."

"Pè wọ́n kẹ̀? Dìde."

Ní Fidjrossè, Gaël fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo Rasidat títí.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọmọ mi ló ṣe é."

Adélékan ti dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n gbé àga fún ìyá rẹ̀, wọ́n fún un lómi. Kò sẹ́ni tó ní kí Adélékan dìde.