Irinṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Tí Àǹtí Bá Wa Wá

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, lókè ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta táìlì àti ọ̀dà. Kí èèyàn tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, òórùn ọ̀dà á ti kún imú rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń ṣe ìkànnì tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ń gbé èsì ìdánwò jáde. Òbí á ra káàdì, á họ ọ́, á tẹ nọ́ńbà ibẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, èsì ọmọ rẹ̀ á yọ. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tó ń wò ó láti ìta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, gbogbo òbí ló máa ń fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìkànnì bá sì dákú lọ́jọ́ yẹn, èébú tí a máa gbọ́ lórí fóònù ò ṣeé fẹnu sọ.

Iṣẹ́ Àǹtí ni láti rí i pé kò dákú. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, títí kan ọ̀gá wa, torí àwọn ló dàgbà jù nínú wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Ìgándò ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọkọ wọn tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó fáìlì sí ni wọ́n ti máa ń kírun ọ̀sán. Bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á pè mí, a ó jọ jẹun. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹ ẹ̀wà, tí a bu gààrí sí lórí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní poli ni, mi ò mọ nǹkan kan. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, wọ́n bi mí pé, "O mọ afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà Ìpájà, àbí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń rìn lórí ẹ̀, ṣé wàá lè mọ̀ bóyá ó lágbára?"

"Rárá, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Àfi kí èrò kún un. Àwa ò sì lè dúró de ọjọ́ tí èrò gidi máa dé ká tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe èrò tiwa."

Sọ́fítíwià kan wà lórí kọ̀ǹpútà wọn tó ń ṣe bíi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí ló ń yẹ èsì wò. Àǹtí á kọ ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan máa ṣe sínú rẹ̀: èyí á wọlé, tọ̀hún á tẹ nọ́ńbà káàdì, òmíràn á ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kó tó tún un tẹ̀. Àlejò ni Àǹtí ń pè wọ́n. "Jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe àwọn àlejò mi," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì kan, ìlà aláwọ̀ ewé kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà náà bá já wálẹ̀ lójijì, wọ́n á na ìka sí i: "Ibí yìí ló ti rẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kọ ìkànnì náà á lọ tún ibẹ̀ ṣe.

Òkè òkun ni irinṣẹ́ náà ti wá, dọ́là la sì fi ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí àlejò tí o fẹ́ pè bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà máa pọ̀ tó. A fara dà á títí di ìgbà tí dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láìwẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè wá jọ. Ọmọ onílẹ̀ ni ọ̀gá yìí, bàbá wọn ló kọ́ ilé tí a wà, ṣùgbọ́n ojú wọn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojú ẹni tó nílé.

"Owó irinṣẹ́ yìí ti fẹ́ máa jẹ owó oṣù," ni wọ́n wí. "Bí a ò bá rí ọ̀nà gbé e gbà, á di dandan kí ẹnì kan máa lọ sílé."

Gbogbo wa mọ ẹni tó dé gbẹ̀yìn. Èmi ni. Bàbá mi wà nílé wa ní Ìkòtún, apá wọn kan àti ẹsẹ̀ wọn kan ti rọ látìgbà tí àìsàn ti kọlù wọ́n, owó oṣù mi la sì fi ń ra oògùn wọn.

Àǹtí ló la ẹnu. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀, sà. Mo máa wá èyí tí ò ní ná wa tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lọ sílé."

Nígbà tí a padà sídìí tábìlì wa, wọ́n rí i pé mo ti ń kó ìwé mi jọ. Wọ́n gbá mi létí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọdé. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé mi ò sí ńbẹ̀ ni?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, àwọn kan ló ṣe é tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa lò ó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò fani mọ́ra, kò sì gba ọ̀kankan nínú gbogbo ohun tí Àǹtí ti kọ sínú ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní láti tún àlejò kọ̀ọ̀kan kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn á máa kọ, èmi á máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀wà wa á sì tutù sínú abọ́.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, àlejò ò tíì pọ̀ rárá tí láptọ́ọ̀pù fi dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn wa ṣe hùn. "Ọ̀fẹ́ náà rèé o," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó dun Àǹtí, mo mọ̀, torí wọn ò gbójú kúrò lára láptọ́ọ̀pù náà títí a fi ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀, wọ́n ti pè mí. Wọ́n ti rí ibi tí ìṣòro náà wà. Àwòrán tí irinṣẹ́ náà ń yà sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gba gbogbo agbára láptọ́ọ̀pù. Bí a bá pa àwòrán yẹn, tí a jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí a tún pín àwọn àlejò sórí láptọ́ọ̀pù púpọ̀, ó yẹ kó ṣeé ṣe.

Sátidé ìmọ́tótó ni a yàn láti tún un dán wò. Bí àwọn ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ná báyìí, mo ti wọ̀ ọ́ láti Ìkòtún. Àǹtí ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ dání. A kó láptọ́ọ̀pù gbogbo ọ́fíìsì jọ, ti akọ̀wé owó, ti ẹni tó ń gba àlejò nísàlẹ̀, ti ọ̀gá pàápàá, a tò wọ́n sórí tábìlì gígùn kan, a so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú wáyà. A tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Irinṣẹ́ àtijọ́ la kọ́kọ́ lò, torí owó tí a san lé e ò tíì tán. Lẹ́yìn ìyẹn la lo ti ọ̀fẹ́, iye àlejò kan náà, lọ́nà kan náà. Àǹtí ka èsì ti àkọ́kọ́ sókè, mo ka ti ìkejì. Wọ́n bára mu. A pààrọ̀ ipò, mo ka ti àkọ́kọ́, wọ́n ka ti ìkejì. Wọ́n tún bára mu.

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì. "Alihamudulilahi," wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fà mí mọ́ra. "Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ mọ́. Lọ sọ fún bàbá ẹ pé iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá yìn wọ́n níwájú gbogbo wa, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọdún irinṣẹ́ àtijọ́ pé, a ò san án mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀sán kan dé tí ọ̀gá ní kí Àǹtí yọjú sí àwọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fún wọn ní nǹkan ni. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àǹtí jáde, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ká ẹní ìkírun wọn, wọ́n mú sálúbàtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n fọ ife wọn, wọ́n nù ún gbẹ. Mo bá wọn gbé báàgì. Ní ìdajì àtẹ̀gùn, mo bi wọ́n.

"Àǹtí, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní irinṣẹ́ tuntun yẹn ti rọrùn débi pé ẹnì kan ti tó sídìí ẹ̀."

"Ẹnì kan wo?"

Wọ́n wò mí. "Ìwọ ni. Owó oṣù tèmi ló pọ̀ ju tìẹ lọ."

Mo gbé báàgì sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sáré padà sókè. Mi ò kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé bá ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi máa lọ, kí Àǹtí dúró. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Dìde," wọ́n wí. "Ṣé o rò pé ó wù mí ni? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti fi wá sílẹ̀, dọ́là tí a bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ò tó gbé wa dúró. Bí o bá lọ báyìí, síbẹ̀ mi ò ní lè san owó Àǹtí. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo máa pàdánù."

Nígbà tí mo fi máa padà débi àtẹ̀gùn, Àǹtí ti gbé báàgì wọn, wọ́n ti lọ.

Mo ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí èsì sáà yẹn jáde, gbogbo wa pagbo yí kọ̀ǹpútà ká. Èrò dé, ó pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ, ìkànnì náà ò sì mira. Ọ̀gá ra súyà àti mínírà, àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní "ògbójú." Mo bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí àmì ẹní ìkírun Àǹtí ṣì wà lórí táìlì, tó funfun ju ìyókù lọ, mo pe Àǹtí. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Àǹtí, kò dákú o! Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Ó ṣe díẹ̀ kí èsì tó wọlé. "Alihamudulilahi. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo kà á, mo tún un kà. Àǹtí ò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo ọ́fíìsì ni wọ́n ń kí.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ìgándò. Ọkọ wọn ò sí nílé, wọ́n lọ gbé àga fún oníbàárà. Àǹtí ṣílẹ̀kùn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì tẹ̀ lé mi. Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n gbé omi tútù wá lórí tìrée, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ gbé e fún mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àlejò tí wọn ò mọ̀. Mo yọ lórí àga, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ bíi tiwọn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní 'ẹ.' Èmi mà ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

Wọ́n mi orí. Omi ti lé ròrò sójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó bọ́. "Ọlọ́hun ló mọ̀ pé mi ò bínú sí yín. Mo lọ bẹ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fún iṣẹ́, irinṣẹ́ olówó yẹn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń lò ó. Àwọn tó ń lo ti ọ̀fẹ́, ọmọdé ni wọ́n ń wá. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, gbogbo ẹ̀ á tún padà sí mi lára. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí. Bó ṣe rí báyìí ló rọrùn fún mi."

Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ kí àwọn máa kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Mo ní ó dáa. Nígbà tí mo dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé ọ̀rá kan jáde, èso kájú yíyan ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn láti ilé. "Ẹ bá mi fún bàbá," wọ́n wí. Wọ́n sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. Ọkọ̀ dé, mo wọlé, wọ́n juwọ́ sí mi, wọ́n sì yí padà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Orí ìjókòó ìta ni mo bá bàbá mi. Mo já ọ̀rá náà, mo ń fi kájú náà sí wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, sí ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n bi mí nípa ẹni tó fi í ránṣẹ́.

"Àǹtí ibi iṣẹ́ wa ni, sà."

"Ọlọ́run á bù kún un. Èèyàn dáadáa ni. Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá kí wa?"

"Láìpẹ́, sà," ni mo wí. Mo gbé ike omi, mo lọ sẹ́yìn ilé, kí wọ́n má baà rí ojú mi.