Ohun Tó Wà Nínú Pákó Ìgbèrí Àǹtí Ráfátù

Bí ìṣó tó ti dípẹtà bá ń jáde lára pákó, ó máa ń ké bí ọmọ eku. Igbe yẹn ló gbé mi dìde lórí ìjókòó lánàá, nínú ilé wa ní àdúgbò Paspanga. Sáfì, ọmọ ọmọ mi, ló tẹ́ pákó ìgbèrí ibùsùn Àǹtí Ráfátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, sílẹ̀ lágbàlá, tó ń tú aṣọ àtijọ́ ara rẹ̀. Ó ti ra fóòmù àti àrán aláwọ̀ ewé. Ó ní òun ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, c'est simple, kò le rárá. Òórùn káńfọ̀ àti eruku gbá mi nímú, mo sì padà di ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ̀. Kò sí fóòmù nílé àwa oníṣòwò aṣọ nígbà náà. Àjákù aṣọ ṣọ́ọ̀bù la fi ń kì í. A ó ká a pẹlẹbẹ, a ó tò ó ní ìpele ìpele sórí pákó, a ó na aṣọ tó dára bò ó, a ó wá kan ìṣó yí i ká. Àwọn obìnrin ilé ló ń ṣe é fún ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ. Bí ìṣó ìkẹyìn bá ti wọlé, àlùfáà á ṣe àdúà sí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u mọ́ títí ìyàwó á fi bí àkọ́bí.

Ìyá Ráfátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló kan ti ọmọ wọn nígbà tí Àǹtí Ráfátù ń lọ ilé ọkọ. Èmi ni mò ń na ìṣó sí wọn. Àlùfáà ti dé, ìrun ọ̀sán ti kù díẹ̀, wọ́n ń kánjú, wọ́n ń fa ohunkóhun tọ́wọ́ wọn bá bà. Nírọ̀lẹ́, a wá bazin funfun, aṣọ dídán olówó ńlá tí bàbá mi rà fún ìyàwó tuntun náà, tì. Èmi nìkan ni ọmọdé tó jókòó ti àwọn aṣọ náà, nítorí náà èmi ni olè.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. "Ẹ tú pákó yẹn wò."

Ìyá Ráfátù yíjú sí bàbá mi. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ fẹ́ fi ba ilé ọmọ mi jẹ́?"

Ó parí. Bàbá mi yọ mí kúrò nílé ìwé fún ọdún kan gbáko. Àwọn ọmọ agbolé sọ mí ní Oníbazin. Nígbà tí mo di olùkọ́ pàápàá, àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń fa àpò wọn mọ́ra bí mo bá wọlé kí wọn.

Lánàá, Àǹtí Ráfátù jókòó tì mí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Sáfì dé ìpele kẹta, wọ́n ní kó fi ìyókù sílẹ̀, kó lẹ fóòmù lé e bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa tú u lọ.

"Sáfì, ó tó."

"Tú u."

Ọmọ náà ń wo ojú àwa méjèèjì. Tẹ̀sùbáà dúró.

Bazin náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní kíká. Ó ti pọ́n bí eyín arúgbó, bébà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Àǹtí Ráfátù gbé tẹ̀sùbáà sórí itan. "Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni mo tú u. Mo rí i, mo sì kàn án padà. Ìyá mi ni, àbúrò mi. Kí ni kí n ṣe?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé bazin náà, mo sì gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

Agbolé wa ti di ilé alájà, àjákù aṣọ ti di fóòmù, ẹ̀rọ kékeré ni Sáfì sì fi ń kan nǹkan. Ohun tí kò yí padà ni pé ẹni tó dákẹ́ ń sùn dáadáa. Mo gba àrán lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo ní bazin náà ni kó nà bò ó, níta, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá Àǹtí Ráfátù yóò ti rí i.

"D'accord, Màmá," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo ní kó gbé e tì, ìṣó ni kó fi kàn án. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mò ń nà án sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.