Ìkòkò Erùpẹ̀ tí Ìyá Mi Gbé Wá sí Etí Òkun

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ariwo òkun má baà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó bá rí àpótí kó fà á. Ẹni tí kò bá rí, iyanrìn kì í lé àlejò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ìkánjú sọ, nítorí pé àgbà obìnrin méjì ló ni ín, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ràn ìkánjú nígbà ayé wọn.

Òórùn àgbọn tí wọ́n ń sè lórí iná ni mo fi ń rántí ilé wa àkọ́kọ́ níhìn-ín. Kì í ṣe òórùn dídùn ti òróró tó ti jinná o, ti ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń wí, nígbà tí omi àgbọn bá ṣì ń hó, tí èéfín èèpo rẹ̀ ń tani lójú, tó wá dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹja yíyan àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ni mí nígbà náà. Ìjọ wa ní Ṣábẹ, lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló rán ọkọ mi wá ṣe katikíísì ní abúlé yìí, láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má wò ó pé Yorùbá ni wá. Ilẹ̀ òkèèrè ni ibí jẹ́ fún wa: ibodè wà láàárín, owó yàtọ̀, òfin yàtọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ kò tilẹ̀ pe orúkọ mi rí. "Madáámù Faransé" ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé ilé ìwé Faransé ni mo lọ. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá tèmi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju ti púpọ̀ nínú wọn lọ, torí èdè Ègùn ni wọ́n fi ń ṣeré láti kékeré.

Imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bo ilé ìjọsìn wa. Rímù ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n so rọ̀ sára igi ni agogo. Ọjọ́ Ìsinmi tí ẹja bá wọ àwọ̀n lásìkò ìsìn, ẹnì kan á kàn sọ gbólóhùn kan ní Ègùn láti ẹnu ọ̀nà, ìwàásù tán nìyẹn. Gbogbo ọkùnrin á dìde, wọn á lọ fa okùn. Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi kọ́ bí a ṣe ń wàásù kúkúrú. Èmi ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ayé náà kò burú. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: kò sí òkúta. Ní Ṣábẹ, bí o bá ṣí fèrèsé, òkè ni wàá kọ́kọ́ rí. Níhìn-ín, gbogbo nǹkan ló tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ pàápàá ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni.

Ìyá Ègùn kan, opó, ni alámùúlégbè wa. Òun ló ń se òróró àgbọn yẹn. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, òun ló ń fi ẹja tútù bọ́ mi. Nígbà tí mo rọbí, òun ló bá mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ní Àgbádárìgì. Mo bí obìnrin. Bí a ti gbé ọmọ dé ni ìyá náà gbé ọmọ àgbọn kan, èyí tó ti hu ewé, sí ẹnu ọ̀nà wa. Àṣà ibí ni: bí ìwọ́ ọmọ bá já, wọn á sin ín, wọn á gbin àgbọn lé e lórí. Igi yẹn ni igi ọmọ náà títí ayé. Àgbàlagbà tó ní ọmọ ọmọ pàápàá á nawọ́ sí i fún ọ pé, "Tèmi nìyẹn."

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ìyá mi fi dé láti Ṣábẹ láti wá wẹ ọmọ. Òun náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó di iṣu, ó di òrí, ó wá gbé ìkòkò kékeré kan mọ́ àyà láti ilé títí dé ibi tí mo ti lọ pàdé rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀. Erùpẹ̀ ló kún inú rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ti ẹ̀yìnkùlé wa. Òṣìṣẹ́ ibodè kan yọjú wò ó.

"Màmá, kí lẹ gbé yìí?"

"Ilé mi ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ gbé ilé yín kọjá. Ẹ má jẹ́ kó fọ́ o."

Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí ìkòkò náà wá ṣe. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́n ká, ọ̀kan wà ní Àbíjàn, ọ̀kan ti lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, kò sì sí èyí tó ń wálé. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ìwọ́ ọmọ mi ni ìyá mi wá mú, kó tẹ́ ẹ sínú erùpẹ̀ ilé, kó gbé e padà lọ sin sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó sin tèmi sí.

Àwọn àgbà méjèèjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà wa.

"O káàbọ̀," ni ìyá Ègùn wí. "Ṣé ìwọ lo bí Faransé?"

Ìyá mi yí ojú sí mi. "Ta lèyí tó ń pè mí ní 'ìwọ' bí ẹni pé àwa jọ lọ pọnmi?"

"Màámi, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá tiwọn nìyẹn. Wọn ò fi rí yín fín."

Láti ọjọ́ náà ni ogun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi á fi òrí pa ọmọ lára láàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá Ègùn á dé pẹ̀lú òróró àgbọn.

"Òrí ló ń mú eegun ọmọ le," ni ìyá mi wí.

"Eegun le, awọ ńkọ́? Ṣé pákó lo fẹ́ tọ́ ni?"

Ọmọ mi ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Ẹni tí kò bá dì í mú dáadáa, ó ti yọ̀ bọ́ nìyẹn. A ń fi èyí ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò erùpẹ̀ jókòó ní apá kan, ọmọ àgbọn jókòó ní apá kejì, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn yẹn. Wọ́n bi ọkọ mi pé kí ni Bíbélì wí. Ó wú ikọ́. Ó ní, "Bíbélì kò sọ nǹkan kan nípa ìwọ́." Ló bá dìde, ó lọ lu agogo nígbà tí àsìkò ìsìn kò tíì tó.

Ní ọ̀sán kan, ìyá mi pè mí jókòó. Kò pariwo. "Bí ẹ bá sin ín síbí," ó ní, "ẹ má tún sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀ wálé o. Ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀ wá kí wa."

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ilé sílẹ̀ rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Mo gbé ọmọ sáyà. Ta ni kí n dá lóhùn? Ẹni tó bí mi, tàbí ẹni tó dì mí mú nígbà tí mò ń rọbí?

Ìwọ́ já lọ́wọ́ ìyá mi níbi tó ti ń wẹ ọmọ láàárọ̀. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ó ní òun kò ní í gbé e lọ bí olè, òun á sọ fún àgbà ẹgbẹ́ òun lójúkojú. Mo pọn ọmọ, mo tẹ̀ lé e. A bá ìyá Ègùn létí omi, níbi tó ti ń ṣa igi tí òkun gbé sókè.

Ìyá mi kò kọ́kọ́ sọ ohun tó bá lọ. Ó ní, "Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ igi, igi. Tiyín dà?"

Ìyá Ègùn nàka sórí omi. "Ó wà níbẹ̀ yẹn."

"Níbo?"

"Níbi tí ìgbì yẹn ti ń fọ́. Ilé bàbá mi ló wà níbẹ̀. Òkun ti gbé gbogbo rẹ̀."

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. "Irú ilẹ̀ báyìí lẹ wá fẹ́ sin ìwọ́ ọmọ ọmọ mi sí?"

Obìnrin náà kò bínú. Ó di ọwọ́ ìyá mi mú, ó fà á gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, títí a fi dé ìdí àgbọn gíga kan. Ó gbá a lára pẹ̀pẹ̀ bí ẹni gbá ọmọ lẹ́yìn. "Mo rí i pé òkun ń bọ̀. Kó tó dé, mo ká àgbọn orí igi mi, mo gbìn ín síbí. Òun náà nìyí, èyí tí bàbá mi gbìn fún mi. Bí òkun bá tún dé ibí, wọn á tún ká. Ilẹ̀ wa ń rìn. Igi wa náà mọ̀ ọ́n rìn."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bu iyanrìn, ó jẹ́ kó máa yọ́ bọ́ láàárín ìka rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí èbù."

Ìyá Ègùn kò mọ èbù, torí wọn kì í gbin iṣu síbí. Ìyá mi wá sọ fún un pé nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ, iṣu ni ìyá òun dì fún òun. Àwọn iṣu yẹn ti di jíjẹ kí wọ́n tó bí èmi. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni òun ń gé orí iṣu, tí òun ń dá a padà sílẹ̀, títí dòní "iṣu ìyá mi" ni òun sì ń pè é. "Iṣu ìyá mi náà ni mo dì wá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí."

"Ṣé o rí i báyìí?" ni ìyá Ègùn wí.

"Mo rí i."

Ó tú etí ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo lọ gbé ìkòkò àti ọmọ àgbọn wá láti ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n sì gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Ìyá mi da gbogbo erùpẹ̀ Ṣábẹ sínú rẹ̀, pupa lórí funfun, ó tẹ́ ìwọ́ sí i, wọ́n sì jọ gbin ọmọ àgbọn lé e lórí. Bí a ti fẹ́ máa lọ, ìyá Ègùn gba ìkòkò. "Ìkòkò tó kún wá kì í padà lófìfo." Ọmọ àgbọn mìíràn ló fi sínú rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe padà sílé nìyẹn lórí ọ̀kadà, tí ewé àgbọn ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ létí rẹ̀ lọ sí ibodè.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti wa iṣu tuntun, ìyá mi á dé. Á fi ọmọ ti ara igi, á wò ó bóyá igi ti ga jù ú. Òun àti ìyá Ègùn á jókòó sídìí iná òróró, ìyá mi náà á sì máa pè é ní "ìwọ" bó ṣe wù ú.

Àwọn méjèèjì ti lọ sinmi. Ìyá Ègùn fi agbada tó fi ń se òróró sílẹ̀ fún mi, òun ni mo fi ń sè títí di òní. Ọkọ mi sùn sẹ́yìn ilé ìjọsìn tuntun tí a kọ́ jìnnà sí omi, èmi náà kò sì ní ibòmíràn tí mò ń lọ. Èmi tí ìwọ́ mi wà láàárín òkúta Ṣábẹ, etí òkun yìí ni màá kú sí. Ọmọ mi tí a sin ìwọ́ tirẹ̀ síbí ló padà lọ sí Ṣábẹ, tó ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Òun ló jogún ilé ìyá mi, òun ló jogún èbù, òun ló sì jogún igi àgbọn tí ìyá mi gbìn sáàárín òkè, tó ga fíofío tí kò so rí, tí ìyá mi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Èmi rò nígbà kan pé ẹni tó bá gba ìwọ́ ló gba ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbà á. Ọ̀nà ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn là sílẹ̀ fún un, ó ń rìn ín ní àlọ àti àbọ̀.

Òkun ti gbé igi rẹ̀ tó wà níhìn-ín lójò tó kọjá. Mo ti ká àgbọn orí rẹ̀ kó tó wó. Lọ́sẹ̀ tó lọ, ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Ó ń retí ọmọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní, "Màámi, bí ẹ bá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, ẹ bá mi bu iyanrìn ilé dání."

Èmi ni mo jogún ìkòkò. Mo ti fọ̀ ọ́.