Wọ́n Ní Oyin Ìyàwó Mi Ló Fà Á

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa, ó sì sọ níṣojú gbogbo agbo-ilé pé oyin tí ìyàwó mi ń tà ni ó kó àìsàn bá ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó fà mí lọ sí oko iṣu, ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí kò mọ̀ àti ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: kí ó gba ọ̀rọ̀ náà padà níbi tí ó ti sọ ọ́.

Òùngbẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, á mu omi inú àmù wa, á tún lọ bu ti yàrá kejì. Ó ń jẹun bí ẹni tí ó kọ ebè dé, síbẹ̀ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ń tóbi sí i lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, ohun tí ó ti fi sílẹ̀ láti kékeré. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ rí èèrà lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ọmọ náà ti tọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti ń fi èèrà mọ ìtọ̀ ṣúgà, wọn kò sì ṣìnà níbẹ̀. Nínú ohun tí ó tẹ̀ lé e ni a ti ṣìnà: a gbà pé ohun dídùn tí ó jáde lára, ẹnu ni ó gbà wọlé.

Olóyin sì ni ìyàwó mi. Ọwọ́ àwọn ọdẹ tí ń fín oyin nínú igbó Ogbooro ni ó ti ń rà á, á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú ìgò. Òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.

"Ìyá olóyin," ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé sọ, "oyin yín dùn lóòótọ́. Èèrà ti wá jẹ́rìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ọmọ mi kì í lá oyin. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ẹ bi í."

Wọn kò bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó di olórí wa nígbà tí bàbá wa kú. Òun náà ni ó lọ bá mi tọrọ ìyàwó yìí ní Ìpàpó. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá wa. Ó ní kí ìyàwó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ títí ara ọmọ yóò fi yá. Ní ti ìtọ́jú, òun yóò máa fún ọmọ ní omi ewúro àti èèpo ọ̀gánwó, nítorí pé ìkorò ni í lé adùn. Ó yé gbogbo wa. Ó yé èmi náà.

Ìyàwó mi di ẹrù lọ sí Ìpàpó, ọmọ kù sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi mu ìkorò náà. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ń mí bí ẹni tí ó sáré, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tí ó ti rà, kò sì dá mi lóhùn mọ́. Mo fi ọ̀já ìyá rẹ̀ so ó mọ́ àyà mi, ọlọ́kadà gbé wa, ó di ọsibítù ní Ṣakí.

Ọjọ́ tí ó lajú ni nọ́ọ̀sì kan tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ oyin náà fún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ta ló ní oyin ló fà á?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ṣé dókítà ni wọ́n?"

"Olórí ilé wa ni wọ́n."

"Ẹ jókòó."

Ó ní ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn tí ń ṣe omi kan tí à ń pè ní ínsúlíìnì; omi náà ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà oúnjẹ kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. "Ẹ rí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò yín? Ara náà ní tiẹ̀. Lára ọmọ yìí, ọdẹ ara ló ṣìnà, ló yìnbọn pa àwọn tó ń ṣe omi yẹn. Ohun tó mú un ṣìnà kò tíì yé àwọn onímọ̀ tán. Ó lọ́wọ́ nínú bí Ọlọ́run ṣe dá a, bóyá àìsàn kan tó ti ṣe é rí náà lọ́wọ́ sí i. Kì í ṣe oyin. Ewúro ò sì lè jí òkú. Abẹ́rẹ́ omi yẹn ni yóò máa gbà."

Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ènìyàn. Ó ní rárá. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, omi náà wà, ara ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, títí yóò fi rẹ ẹ̀yà ara tí ń ṣe é. Ìyẹn máa ń rìn nínú ìdílé, ọjọ́ orí, ọ̀rá inú àti ìjókòó púpọ̀ a sì máa ràn án lọ́wọ́. Àwọn obìnrin kan ń ní in nínú oyún, ó sì lè lọ bí wọ́n bá ti bímọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ó ní, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo mú ọmọ padà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti sọ nílé pé òun ń lọ sí Òkèhò, jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà ń bá a wí: "Bàbá, ọdún keje rèé tí ẹ ti ń gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ ṣì ń jẹ́ kí ó tán kí ẹ tó wá."

Ó rí mi. Ó ká káàdì náà. A jáde lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún méje."

"Àbúrò, rọra."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ. Ẹ mọ̀ pé adùn nìkan kọ́ ló ń fà á. Oògùn wà lápò yín lọ́jọ́ tí ẹ ń fún ewúro fún ọmọ mi."

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ tèmi gbó sílé ni? Àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ ní Òkèhò ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́. Wọ́n ti béèrè wárápá, wọ́n ti béèrè wèrè. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìtọ̀ ṣúgà wà nílé wa, ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

Nígbà náà ni ó yé mi. Ìwádìí ìgbéyàwó kì í dé ara obìnrin tí ó ti ilé mìíràn wá, ẹ̀jẹ̀ ilé ni wọ́n ń wò. Nítorí náà ni ó ṣe gbé e ka orí ìyàwó mi. N kò bínú sí àìsàn rẹ̀. Bí ó bá ti bi nọ́ọ̀sì yẹn léèrè lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti mọ̀ pé oríṣi tí ó ń ṣe ọmọ mi kì í ṣe tirẹ̀, kò sì lè tú àṣírí rẹ̀.

Ó bẹ̀ mí pé kí n dúró kí ìgbéyàwó kọjá. Mo dúró. Ìgbéyàwó kọjá. Ó wá ní kí ìyàwó mi máa padà bọ̀ wálé wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ nǹkan kan. Mo kọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ara mi le, alihamudulilahi," ẹ̀gbọ́n mi sọ.

Bàbá àgbà náà yíjú sí mi. "Àbúrò kì í tú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ìhòòhò lọ́jà. Ìyàwó rẹ lè padà. Kí ni o tún ń wá?"

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ni. Kí wọ́n gbà á padà níbí."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àdúà ìparí ìpàdé.

Mo kó ẹrù ọmọ mi, mo mú un lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìpàpó. Iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró níbẹ̀, nítorí náà inú ìkòkò amọ̀ tí a fi yanrìn tútù yí ká ni ìyàwó mi ń tọ́jú ínsúlíìnì sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó gún un sí itan ọmọ náà, ó sì bi mí láìwojú mi:

"Ṣé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà padà?"

Mo ní wọn kò tíì gbà á padà.

"Ó dáa," ó ní. "A ó máa gbé níbí."