Ọjọ́ tí Adájọ́ Gun Òkè Ọ̀kà

Ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n lójú bàbá mi, ẹni tó bá ti kàwé dé ibẹ̀ ti di lọ́yà. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pè mí wálé sí Ọ̀kà nígbà tí káńsù fẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé wa pa.

Káńsù ló ṣòfin pé kí gbogbo ilé gbẹ́ ṣálángá tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ sí igbó mọ́; ilé tí kò bá gbẹ́ ẹ, wọn yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Orí àpáta ni ilé wa wà, bíi ti gbogbo Ọ̀kà. Bàbá mi gbẹ́ ẹ títí ẹnu dígà fi tẹ̀.

"Bàbá, ṣé wúrà lẹ ń wá?" làwọn ará àdúgbò ń bi í.

Wolé-wolé ní òfin kò mẹ́nu ba àpáta.

"Àpáta náà kò mẹ́nu ba òfin," ni bàbá mi fèsì. Ni wọ́n bá pè é lẹ́jọ́.

Ní kóòtù Ìkàrẹ́, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Olúwa mi, ẹ kọ́kọ́ dá òfin yẹn lẹ́jọ́. Bó bá jàre, kí ẹ wá dá mi lẹ́bi."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi adájọ́. Ó ní a ó jọ lọ bá òfin náà nílé.

Nígbà tó dé, a gbé àga fún un lórí àpáta, nítòsí ibi tí ìyá mi sá èlùbọ́ sí. Ó ní kí wolé-wolé fúnra rẹ̀ gbẹ́ ṣálángá. Wolé-wolé bọ́ fìlà, ó gbé dígà, iná ń ta lára àpáta.

"Ẹ rọra o, èlùbọ́ mi!" ni ìyá mi ń ké.

Ihò tó gbẹ́ kò lè gba ẹyin adìyẹ. A fún wọn níyán, wọ́n jẹ, wọ́n mumi. Kò pẹ́ tí adájọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí lórí àga.

"Ṣálángá tó sún mọ́ ibí jù dà?"

"Olúwa mi, ó wà ní Ìkàrẹ́," ni bàbá mi dáhùn.

Adájọ́ wo ọ̀nà Ìkàrẹ́, ó wo igbó. Ó bọ́ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀, ó gbé e fún wolé-wolé, ó sì wọgbó lọ.

Nígbà tó padà dé, ó ní, "Òfin tí èmi gan-an kò lè pa mọ́, wọn kò ní fi kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni pa. Mo fagi lé e."

Wolé-wolé ṣì gbé ẹ̀wù kóòtù náà dání. "Olúwa mi, ṣé láti ìsinsìnyí ni, àbí láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀!"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé wa, ó tì í, ó tún ṣí i, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún. Títí dòní, mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ń dún.